Bẹ́ ẹ Ṣe Lè Fi Ẹ́ńsáìmù Ṣe Sẹ́nsọ̀ Ṣúgà àti Bátìrì Kékeré l'Ógbómọ̀ṣọ́ Níbí

Etí fèrèsé ni màmá mi máa ń gbé ike strip tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò sí, torí ibẹ̀ ló súnmọ́ àga wọn. Tó bá ti di oṣù kejì ọdún, oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, á ti wọlé jókòó sójú fèrèsé yẹn kí aago mẹ́wàá tó lù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mítà gbé nọ́ńbà kan jáde tó bà mí lẹ́rù, a ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà míì, ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀tọ̀ tún ni. Mo sáré lọ ra ike tuntun, a fi ẹ̀jẹ̀ ìka wọn dán an wò, ó bára mu lẹ́ẹ̀mẹta. Ike àkọ́kọ́ yẹn ò tíì expire o, ooru ló bà á jẹ́. Ohun tí ooru sì rí pa nínú rẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù, purotéènì tí ojú ò lè rí, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń dá gúlúkóòsì mọ̀ láàárín gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ tó ń wá bá mi láti Under-G àti Adénìkẹ́, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, pé àwọn fẹ́ ṣe project lórí sẹ́nsọ̀ tàbí bátìrì oníṣúgà, mo máa ń sọ pé ẹ́ńsáìmù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, ọ̀rọ̀ waya àti mítà ò le. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn ni mo ṣe kọ ọ́ síbí. Nǹkan ìkẹ́kọ̀ọ́ ni o, ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ bá ṣe pinnu iye oògùn tí aláìsàn máa lò, ẹ jọ̀ọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an

Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń lò jù ni glucose oxidase. Ara ebu kan tó ń jẹ́ Aspergillus niger ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́, ebu dúdú tẹ́ ẹ máa ń rí lábẹ́ èèpo àlùbọ́sà tó ti pẹ́ lọ́jà Wàzó, irú ẹ̀ náà ni. Tí gúlúkóòsì bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, á gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì lára rẹ̀, á wá gbé e fún ọ́síjìn, ọ́síjìn yẹn á di hydrogen peroxide, èyí tí wọ́n máa ń tà ní kẹ́mííìsì fún fífọ ojú egbò.

Àwa fẹ́ kí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn wá bá waya wa dípò ọ́síjìn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù jìn sínú, bí ìyàwó tó wà ní ìyẹ̀wù, waya ò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi nílò alárinà, ìyẹn kẹ́míkà kékeré kan tó lè wọlé lọ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó kó sì jáde wá sọ ọ́ fún waya. Ferrocene jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Sẹ́nsọ̀ àti bátìrì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nínú sẹ́nsọ̀, a ń ka ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù láti mọ iye ṣúgà. Nínú bátìrì, a ń rán an níṣẹ́. 1962 ni Leland Clark àti Champ Lyons mú àbá sẹ́nsọ̀ yìí wá l'Amẹ́ríkà, nígbà tó fi máa di 1964 àwọn míì ti fi ẹ́ńsáìmù ṣe bátìrì.

Yíyan ẹ́ńsáìmù, ẹ fara balẹ̀ síbí

Glucose oxidase lágbára, ó rọrùn láti rí rà, gúlúkóòsì nìkan ló sì fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ọ́síjìn ń bá waya yín du ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, nítorí náà nọ́ńbà yín lè yí padà tí ọ́síjìn inú omi bá pọ̀ tàbí tó bá dínkù.

Ẹ́ńsáìmù míì wà tó ń jẹ́ glucose dehydrogenase, tí kì í ka ọ́síjìn sí rárá. Èyí tó ń lo PQQ (kẹ́míkà kékeré tó ń bá ẹ́ńsáìmù gbé ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù) nínú wọn yára gan-an, àmọ́ kò mọ̀ yàtọ̀ láàárín gúlúkóòsì àti maltose, ìyẹn ṣúgà inú ọkà tó ti hù. Ẹ lè ní kí ló kàn wá nínú maltose. Ó kàn wá o. Ní 2009, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn l'Amẹ́ríkà ṣe ìkìlọ̀ lórí strip tó ń lo ẹ́ńsáìmù PQQ yìí, torí àwọn aláìsàn kíndìnrín kan wà tí wọ́n ń fi omi tó ní icodextrin nínú fọ ikùn wọn, ara á wá sọ icodextrin yẹn di maltose, mítà á kà á mọ́ gúlúkóòsì, á ní ṣúgà ẹni náà ga nígbà tó jẹ́ pé ó ti lọ sílẹ̀ jìnnà, wọ́n á sì tún gún un ní insulin lé e. Ikú 13 ni wọ́n ròyìn fún àjọ náà. Mo máa ń dúró díẹ̀ tí mo bá ti dé ibí yìí tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, torí ẹni tó bá rò pé yíyan ẹ́ńsáìmù kì í ṣe nǹkan bàbàrà, kó ro ti àwọn ìdílé yẹn.

Ibẹ̀ ni àtúnṣe ẹ́ńsáìmù ti wọlé. Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sórí okùn, ẹ̀yọ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni amino acid. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kan tàbí méjì nítòsí ibi tí ẹ́ńsáìmù ti ń di ṣúgà mú, ẹ lè há ibẹ̀ débi pé maltose ò ní ráyè wọlé mọ́, gúlúkóòsì á ṣì máa wọlé. Àwọn onímọ̀ ní Japan bíi Koji Sode ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èyí. Ẹ̀yà tó ń lo FAD dípò PQQ tún wà, tí wọ́n ń rí lára ebu, èyí kì í sábà gba maltose, ṣùgbọ́n ó máa ń gba xylose díẹ̀, nítorí náà òun náà ti gba àtúnṣe.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, glucose oxidase ni kó rà. Ẹ ra oníyẹ̀fun, ẹ má ra olómi, yẹ̀fun ló lè fara da ìrìn àjò láti Èkó dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú gbogbo go-slow tó wà lọ́nà. Ẹ béèrè unit (ìwọ̀n agbára ẹ́ńsáìmù) tó wà nínú miligíráàmù kan àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ẹ sì gbé kúlà oníyìnyín dání tẹ́ ẹ bá ń lọ gbà á ní páàkì.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé ńkọ́? Ìwé á ní kẹ́ ẹ kó o sí fíríìsà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé tí iná yín bá jẹ́ irú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ẹ má kó èyí tẹ́ ẹ ti fi omi pò sí fíríìsà, torí kó dì kó tún yọ́ kó tún dì, ìyẹn gan-an ló ń ba ẹ́ńsáìmù jẹ́ ju kó wà lójú kan nínú fíríìjì lọ. Ẹ fi sílẹ̀ bí yẹ̀fun nínú ìgò tó ní silica gel tó ń fa ọ̀rinrin, ẹ máa po ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa lò lọ́sẹ̀ náà.

Omi tẹ́ ẹ máa pèsè

Bọ́fà, ìyẹn omi tí kì í jẹ́ kí pH tètè yí padà: ẹ po Na₂HPO₄ tí kò lómi nínú, gíráàmù 14.2 sínú lítà kan, ẹ po NaH₂PO₄ gíráàmù 12 sínú lítà míì. Ẹ bu mílílítà 61 nínú ti àkọ́kọ́ àti 39 nínú ìkejì, pH rẹ̀ á wà nítòsí 7. Ẹ wá fi KCl bíi gíráàmù 0.75 sínú 100 mílílítà yẹn. Omi distilled ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe piọ́ wọ́tà.

Gúlúkóòsì: gíráàmù 1.8 nínú 100 mílílítà, 100 millimolar nìyẹn. Ẹ ti pò ó láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó sùn mọ́jú. Ọ̀pọ̀ ló ń fo èyí! Oríṣi méjì ni gúlúkóòsì máa ń jẹ́ nínú omi, alpha àti beta, beta nìkan ni ẹ́ńsáìmù yìí ń jẹ, alpha ló sì pọ̀ jù nínú yẹ̀fun tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sómi. Tó bá sùn mọ́jú á ti pín ara rẹ̀ sí bíi alpha 36 àti beta 64 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì dúró síbẹ̀. Gúlúkóòsì inú agolo tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ka ara agolo rẹ̀ dáadáa, wọ́n sábà máa ń fi fítámì sí i. Ṣúgà tá a fi ń mu ẹ̀kọ kò wúlò níbí, sucrose nìyẹn, ẹ́ńsáìmù wa ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ dán ẹ́ńsáìmù wò kẹ́ ẹ tó fi lẹ nǹkankan

Mi ò lè sọ iye ọmọ tí mo ti rí tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí waya, tó jẹ́ pé ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ti kú kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Ẹ fi bọ́fà tí pH rẹ̀ tó bíi 6 sínú ìgò kékeré méjì, ẹ da gúlúkóòsì mílílítà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi potassium iodide díẹ̀ sí i, ẹ kán omi sítáàṣì pákí tẹ́ ẹ ti sè tó ti tutù sí i, àti ẹ̀kán peroxidase kan, ẹ́ńsáìmù míì tó ń lo hydrogen peroxide. Nínú ìgò àkọ́kọ́ ẹ kán ẹ́ńsáìmù yín, nínú ìkejì ẹ kán ẹ́ńsáìmù kan náà àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ti sè nínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá wà láàyè, ìgò àkọ́kọ́ á máa ṣú, á di aró, bí aró ẹlẹ́lùú gan-an, ìkejì ò gbọdọ̀ yí padà. Tí méjèèjì bá jọ di aró, nǹkan míì ló wà nínú omi yín. Tí méjèèjì bá funfun, ẹ pe ẹni tó tà á fún yín.

Síṣe ọ̀pá sẹ́nsọ̀

Lẹ́ẹ̀dì pẹ́ńsùlù onítítẹ̀, 0.7, HB tàbí 2B, òun ni elẹ́kítíródù wa, ìyẹn ọ̀pá tó ń gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ẹ fi ethanol nù ún. Ẹ po ferrocene miligíráàmù 2 sínú mílílítà acetone kan, ẹ ti orí lẹ́ẹ̀dì bọ inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tó fi kútẹ́ẹ̀sì kun ara rẹ̀, kẹ́ ẹ fi bíi sẹ̀ǹtímítà kan sílẹ̀ lórí àti ibi tí klíìpù máa gbá mú nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ kun kútẹ́ẹ̀sì, acetone á bó o dànù.

Ẹ wá po ẹ́ńsáìmù miligíráàmù 20 sínú mílílítà bọ́fà kan, ẹ po BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) miligíráàmù 50 sínú mílílítà kan. Lórí ike mímọ́, ẹ da maikrolítà 4 ti ẹ́ńsáìmù pọ̀ mọ́ 4 ti BSA, ẹ fi glutaraldehyde 2.5% maikrolítà 2 sí i, ẹ yára rò ó, ẹ yí orí lẹ́ẹ̀dì nínú rẹ̀ títí gbogbo ara rẹ̀ á fi tutù. Glutaraldehyde yìí ló ń so gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra bí okùn. Èéfín rẹ̀ ń ta lójú, ó ń ta nímú, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, abẹ́ fume hood ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ má ṣe é nínú yàrá yín ní hostel láéláé. Ẹ má sì ní kẹ́ ẹ fi púpọ̀ sí i kó lè le dáadáa, okùn tó bá pọ̀ jù á de ẹ́ńsáìmù lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Tó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ẹ̀kán yẹn á gbẹ kí okùn tó so, á máa ṣí bí èèpo. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń da abọ́ kékeré bò ó, mo máa ń ki òwú tútù sábẹ́ abọ́ náà, wákàtí kan, lẹ́yìn náà mo fi bọ́fà ṣàn án, mo gbé e sínú fíríìjì mọ́jú.

Kíkà á

Ẹ nílò potentiostat, ẹ̀rọ tó ń di fọ́ọ̀tì (volt) mú lójú kan tó sì ń ka kọ́rẹ́ǹtì, tó bá wà ní department yín ẹ lọ bẹ̀ wọ́n, àwọn kan máa ń fi Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré, kan èyí tó ṣe é lò. Fún ọ̀pá ìfiwéra, ẹ ra wáyà fàdákà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹ rẹ ẹ́ sínú bleach ìfọṣọ fún bíi ìdajì wákàtí, á di eléérú tó ń pọ́n díẹ̀, Ag/AgCl nìyẹn, kò ná yín lówó púpọ̀. Lẹ́ẹ̀dì lásán ni ọ̀pá kẹta.

Ẹ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú bọ́fà mílílítà 10, ẹ gbé e sí 0.35 fọ́ọ̀tì, kí nǹkan máa rò ó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ dúró. Kọ́rẹ́ǹtì á kọ́kọ́ ga, á máa sọ̀kalẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án títí á fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ wá kán gúlúkóòsì maikrolítà 100 sí i, bíi 1 millimolar lẹ fi kún un yẹn. Lórí kọ̀ǹpútà ẹ máa rí i tí ìlà yẹn á gbéra, á gòkè, á tún tẹ́jú. Ẹ kán òmíràn, á tún gòkè. Àtẹ̀gùn ló máa ń yà fún yín, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i mo pariwo nínú láàbù. Ẹ ṣe é dé bíi 10, ẹ fi iye gúlúkóòsì àti kọ́rẹ́ǹtì ya ìlà lórí gíráàfù. Á lọ tààrà, nígbà tó bá yá á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, torí ọwọ́ gbogbo ẹ́ńsáìmù yẹn ti kún. Ibi tó tọ́ tààrà nìkan lẹ lè fi ka nǹkan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá, tí kò tíì jẹun láàárọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wà láàárín bíi 3.9 sí 5.6 millimolar, ẹ sọ ọ́ di mg/dL nípa fífi 18 sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí náà ìlà tààrà yín gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀ dáadáa.

Omi kajú á fi àléébù rẹ̀ hàn yín

Ìgbà kajú, oko kún, ọjà kún, ọmọ kan ní òun fẹ́ fi sẹ́nsọ̀ òun ka ṣúgà inú omi kajú. Nọ́ńbà tó rí ga gan-an. Mo ní kó lọ ṣe lẹ́ẹ̀dì míì tó ní ferrocene àti BSA àti glutaraldehyde, àmọ́ tí kò ní ẹ́ńsáìmù rárá, kó fi ka omi kajú kan náà. Èyí náà gbéra! Fítámì C ni o. Kajú kún fún un, ó sì máa ń fi ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún waya láìsí ẹ́ńsáìmù kankan. Láti ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó máa gbé àbájáde wá fún mi láìsí ọ̀pá òfìfo yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà ti òfìfo lẹ máa yọ kúrò nínú ti oníẹ́ńsáìmù. Ẹ tún rántí pé fructose tó wà nínú kajú, ẹ́ńsáìmù yín ò rí i, nítorí náà kò lè sọ gbogbo adùn inú rẹ̀ fún yín.

Tó bá wá jẹ́ bátìrì

Ẹ nílò ọ̀pá kejì tó máa gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù padà, kó fi sọ ọ́síjìn di omi. Laccase ló ń ṣe ìyẹn. Olú tó ń hù lára igi jíjẹrà máa ń tu laccase jáde, òun ló fi ń jẹ igi. Ó fẹ́ràn pH bíi 4.5 sí 5, ó sì kórìíra chloride, nítorí náà ẹ gbé bọ́fà oníKCl yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lo ti acetate. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní pH 7, bilirubin oxidase ni kó wá.

Ferrocene ò dáa fún bátìrì, fọ́ọ̀tì rẹ̀ ti ga jù níhà ibi tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń wá, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pá méjèèjì á kéré. Fítámì K3 sàn jù. Glucose oxidase pàápàá ń ṣe peroxide tó máa ń da ọ̀pá kejì láàmú, nítorí náà tówó bá wà, ẹ lo dehydrogenase. Ẹ fi rẹsísítọ̀ oríṣiríṣi so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, ẹ fi mítà ka fọ́ọ̀tì orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fọ́ọ̀tì náà di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi rẹsísítọ̀ pín in. 0.3 fọ́ọ̀tì lórí 100 kilo-ohm, 0.9 maikrowáàtì péré nìyẹn. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ kí LED tàn, LED ń fẹ́ nǹkan bíi 1.8 fọ́ọ̀tì àti milliamp díẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀nà jìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ to bátìrì méjì mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, abọ́ tiwọn ni kí kálukú ní, tí wọ́n bá jọ wà nínú omi kan, iná á gba inú omi kọjá, fọ́ọ̀tì ò ní lé. Ní 2007 Sony fi ṣúgà ṣe bátìrì tó gbé 50 milliwáàtì jáde, tó tẹ orin, nítorí náà ó ṣeé ṣe.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún ẹ́ńsáìmù ṣe fúnra yín

PQQ dehydrogenase ti bakitéríà Acinetobacter ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí E. coli máa ń ṣe é jáde dáadáa, ẹ kàn máa fi PQQ àti calcium sí i kó lè jí. Glucose oxidase kì í sábà gbọ́ràn sí E. coli lẹ́nu, ìwúkàrà tó ń jẹ́ Pichia ló gbà. Ẹ ra jíìnì rẹ̀, ẹ ṣe PCR (ọ̀nà tí wọ́n fi ń da jíìnì kọ) tó máa ń ṣi kọ díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ìlẹ̀kẹ̀ lè pààrọ̀, ẹ gbin àwọn ọmọ rẹ̀ sínú pẹ́rẹ́ẹ̀tì olójú 96, ẹ gbé gbogbo wọn sínú omi 55°C fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ wá wo èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú èyí tó ṣe dáadáa jù, ẹ tún ṣe é. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi fún Frances Arnold, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ní Nobel Kẹ́mísìrì ní 2018. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ohun tẹ́ ẹ fi ń ṣà wọ́n o, tó bá jẹ́ ooru nìkan lẹ fi dán wọn wò, ẹ lè rí èyí tó fara da ooru tó wá di ọ̀rẹ́ maltose. Gúlúkóòsì lójú kan, maltose lójú kejì, ní gbogbo ìgbà.

Ti ooru yìí

Ẹ ṣe ọ̀pá mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan náà. Ẹ kó mẹ́ta sínú fíríìjì, ẹ kó mẹ́ta sínú àpò kan pẹ̀lú silica gel nínú yàrá, ẹ kó mẹ́ta sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹ fi gúlúkóòsì 5 millimolar kà wọ́n lọ́jọ́ kìíní, ọjọ́ keje, ọjọ́ kẹrìnlá, kẹ́ ẹ sì kọ ìwọ̀n ooru yàrá sílẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Nínú èyí tí mo ṣe, àwọn ti ojú fèrèsé ló kọ́kọ́ lọ, nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀ sí òfìfo mọ́. Èyí tó wà nínú àpò pẹ̀lú silica gel ṣì ń ya àtẹ̀gùn. Ìyẹn ni mo gbé lọ fi han màmá mi, wọ́n wo gíráàfù yẹn, wọ́n ní ṣé ìlà tó sùn sílẹ̀ yẹn ni tàwọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń kó aṣọ òkè wọn sí ni ike strip wà báyìí.